Òpó Mápó Lára Aṣọ: Bí Ìbàdàn Ṣe Di Ìlú Tí Ojú Kì Í Gbàgbé

Àwọn baba wa a máa wí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọ̀wọ̀ tí ó wà nínú òwe yìí kò mọ sórí ilé tí a mọ odi yí ká nìkan, nítorí baba ni ìlú jẹ́ fún gbogbo ẹni tí a bí sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ na ọwọ́ ọ̀tún sí ìlú rẹ̀ fún àlejò gbọ́dọ̀ rí ohun kan nà án sí, ìbáà ṣe ohun tí ojú lè rí láti òkèèrè, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ tí etí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí ọkàn kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Láyé ìjọsí, bí a bá rí àbàjà tàbí gọ̀mbọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọkùnrin kan lójú ọ̀nà, a ó ti fura sí ibi tí ó ti wá kí ó tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìlú ṣe ní ilà tí ó fi ń sọ ara rẹ̀ fún àjòjì. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí irú ilà bẹ́ẹ̀ ṣe ń wáyé, ta ni ń kọ ọ́, àti ohun tí ń mú kí ọ̀kan jinná kí òmíràn sì parẹ́. Ìbàdàn ni mo mú, Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, ìlú Ìbíkúnlé, ìlú Ògúnmọ́lá, ìlú Látòóṣà, nítorí pé ó ṣòro láti rí ìlú ńlá mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ láìní àmì tó o, tí ó sì wá di ìlú tí ojú kì í ṣì mọ́.

Àwọn ìlú tí ó ṣáájú rẹ̀ kò ní ìṣòro yìí, nítorí ààfin ni àmì wọn. Láàárín ìlú gan-an ni ààfin máa ń wà, ọjà ọba a sì tẹ́ rẹrẹ síwájú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀nà tí ó ti bodè wá ní í darí síbẹ̀, àlejò tí ó bá sì ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀ láìbéèrè, iwájú ọba ni yóò bá ara rẹ̀. Kọ̀bì a yọrí lára òrùlé ààfin, kọ̀bì tí ẹni tí kò dé adé kò gbọdọ̀ kọ́ sí ilé tirẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn òpó gbígbẹ́ ti ń gbé òrùlé dúró, ayaba tí ó kúnlẹ̀, jagunjagun tí ó gun ẹṣin, abiyamọ tí ó pọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ òyìnbó, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, nígbà tí ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú náà lẹ́sẹ̀, ó ṣì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa fín ọnà sára ilẹ̀kùn àti òpó ilé wọn. Ní Ifẹ̀, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ pàápàá ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́: àpáàdì ni wọ́n tò lóòró sínú ilẹ̀ lọ súà, ìtàn sì sọ pé Lúwò, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pa á láṣẹ kí ẹrọ̀fọ̀ má baà kan òun lẹ́sẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni Ògògà mú wá kí ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin òun, iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà sì dára dé ibi pé wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan níbẹ̀ lọ sí àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924, tí kò sì padà wálé mọ́. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú irú ààfin bẹ́ẹ̀ rí kò tún ní í béèrè ìlú tí òun wà.

Ìbàdàn kò ní irú rẹ̀, nítorí ibùdó ogun ni. Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ Òwu tán, tí Ọ̀yọ́ Ilé sì ń mì tìtì, ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí orí àwọn òkè tí ó wà níbi tí igbó ti fi ọwọ́ kan ọ̀dàn, lórí ahoro ìlú àtijọ́ kan tí ìtàn sọ pé Lágelú ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Kò sí ọmọ aládé kan láàárín wọn tí àwọn yòókù gbà pé ìtẹ́ tọ́ sí. Ẹni tí apá rẹ̀ le lójú ogun, tí agboolé rẹ̀ kún, tí àwọn ènìyàn sì ń sá di, òun ni olóyè. Láti inú èyí ni ètò oyè Ìbàdàn ti wá rí bí àwa ti mọ̀ ọ́n, tí mọ́gàjí agboolé kan lè máa gòkè láti oyè dé oyè títí yóò fi dé ipò Baálẹ̀, ipò tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Olúbàdàn ní ọdún 1936. Láyé àwọn Baálẹ̀, àti fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn wọn, ẹni tí ó bá dé ibẹ̀, ilé ara rẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí tí ó ti ń ṣe àkóso ìlú. Bí ó bá papò dà, àkóso ìlú a ṣí kúrò ní agboolé rẹ̀ lọ sí agboolé ẹlòmíràn. Ìlú tí ogun rẹ̀ dé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí ó dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, kò ní ojú kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí pé, “Ibí yìí gan-an ni Ìbàdàn.”

Òkè ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ojú. Ìtàn sọ pé nígbà tí ìlú àkọ́kọ́ tú, Lágelú àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá gun òkè kan, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹ èso òro àti ìgbín, tí wọ́n ń fi ìkarahun ìgbín ṣe àwo ìmu ẹ̀kọ, títí ilẹ̀ fi rọ̀ fún wọn láti sọ̀ kalẹ̀. Oríkì ìlú náà kò gbàgbé òro, kò sì gbàgbé ìgbín. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹta, ni wọ́n ń ṣe ọdún Òkèbàdàn fún òkè tí ó dáàbò bò wọ́n, tí Abọ́kè, ẹni tí í ṣe àwòrò rẹ̀, yóò bọ ọ́, tí ọjà kì í ná, tí wọn kì í dá iná oúnjẹ, tí tọmọdé tàgbà sì máa ń gba ìgboro kan pẹ̀lú orin ẹ̀fẹ̀ tí kì í bọ̀wọ̀ fún olówó tàbí olóyè. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: ìlú tí kò ní ààfin sọ òkè di odi, ó sọ ọjọ́ kan di ìrántí, ó sì fi ebi àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe ohun ìwúrí. Ẹni tí ó bá wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà rí, tí ó gbọ́ orin náà, tí ó rí ìgboro tí èéfín kò rú níbẹ̀, kò lè sọ pé ìlú mìíràn ni òun lọ.

Lẹ́yìn òkè ni òrùlé. Ewéko àti imọ̀ ni a fi ń bo ilé tẹ́lẹ̀, ìnira rẹ̀ sì ni iná, nítorí pé agboolé fara kan agboolé ní Ìbàdàn, tí ó fi jẹ́ pé ẹta iná kan láti ibi ìdáná ìyàwó ilé lè jó àdúgbò kan run kí ẹni tí ó lọ pọn omi tó dé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí ọ̀nà sí etí òkun sì là, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó sì ń gun orí ilé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọwọ́ onílé ti ń tó o. Òjò pa á, ọyẹ́ fẹ́ lù ú, ó sì dógùn-ún. Nígbà tí yóò fi tó ìran kan, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ìbàdàn ti di àwọ̀ pupa rúsúrúsú, òrùlé lórí òrùlé, láti Ọjà’ba títí dé ibi tí ojú kò ti tó mọ́. Kò sí ayàwòrán ilé tí ó ṣètò rẹ̀, kò sì sí ìjọba tí ó pa á láṣẹ. Síbẹ̀, òun ni àlejò ń rí kí ó tó rí ohunkóhun mìíràn, akéwì J. P. Clark, tí ó kàwé ní Yunifásítì ìlú náà, sì kọ ewì kúkúrú kan nípa rẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ lórí dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò dé rí. Ohun tí àwọn onílé fi owó ara wọn rà nítorí ìbẹ̀rù iná ni ó di àwọ̀ tí a fi mọ ìlú wọn.

Nígbà tí àwọn òyìnbó dé láti ṣe àkóso, tí wọ́n fi àdéhùn ọdún 1893 gbé ajẹ́lẹ̀ sí Ìbàdàn, wọ́n bá ìlú kan tí ó tóbi ju èrò lọ, tí kò sì ní gbọ̀ngàn kan tí gbogbo àwọn ìjòyè lè jókòó sí láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ onílé, tí àwọn yòókù sì jẹ́ àlejò rẹ̀. Bí ó ti di pé wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Mápó nìyẹn. Orí òkè Mápó ni wọ́n kọ́ ọ sí, tí Ọjà’ba sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Robert Jones, ẹnjiníà tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí Taffy, ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà, ní ọdún 1929 ni Gómìnà Graeme Thomson sì ṣí i. Ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè pátápátá: àwọn òpó ràbàtàràbàtà tí ó tò níwájú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù ayé àtijọ́ ń fi sí iwájú ilé òrìṣà wọn, kò sì sí gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá kan tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́ abiyamọ tàbí ẹlẹ́ṣin kan sára wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ìrísí nìkan ni a fi ń dájọ́, ohun àjèjì ni Mápó ìbá jẹ́ títí láé.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí àti ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó kún àlàfo tí ó ti wà nínú ìlú náà láti ìgbà ogun: ilé tí kì í ṣe ti agboolé kan, tí ó sì ti ara bẹ́ẹ̀ di ti gbogbo agboolé. Nínú rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìlú ti ń jókòó, níwájú rẹ̀ ni àwọn òṣèlú ti ń bá èrò sọ̀rọ̀, tí Adégòkè Adélabú, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ, ti ń da ìlú rú tí ó sì ń tún un tò kí ikú tó mú un lọ ní ọdún 1958. Ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń fi Olúbàdàn joyè lójú gbogbo ayé títí di ìgbà tiwa yìí. Ẹni tí ó jẹ́ mọ́gàjí ní agboolé tí ó fara sin a gun àtẹ̀gùn kan náà tí ọmọ olóyè ńlá gùn. Òpó àjèjì ni, ṣùgbọ́n ètò oyè Ìbàdàn ni ó dúró lé.

Àwọn tí ó wá parí iṣẹ́ náà, tí wọ́n sọ Mápó di ilà ojú Ìbàdàn ní tòótọ́, ni àwọn obìnrin aládìrẹ. Iṣẹ́ wọn yẹ ní àlàyé, nítorí iṣẹ́ tí a ń rí lójoojúmọ́ kì í pẹ́ fojú jọ ohun tí kò ní ọgbọ́n nínú. Lááfún ni wọ́n ń sè di ẹ̀kọ tí ó ki, tí wọn a sì fi álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè di aṣọ mú. Wọn a tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, wọn a pín in sí ojú ilé mẹ́rinmẹ́rin, wọn a sì ki ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ náà, wọn a máa fi í ya ọnà sí ojú ilé kọ̀ọ̀kan láìwo àwòrán kankan: ẹyẹ, alángbá, àkekèé, ewé, orí ọnà kan kò sì gbọdọ̀ jọ èkejì rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó bá gbẹ nínú oòrùn, ó di ọwọ́ aláró, tí yóò rẹ ẹ́ sínú ìkòkò aró tí a fi èlú ṣe, tí yóò yọ ọ́, tí yóò sá a, tí yóò sì tún rẹ ẹ́ títí aró náà yóò fi dúdú kirikiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, ibi tí ẹ̀kọ ti bo aṣọ a sì yọ fúnra rẹ̀, ní àwọ̀ ojú sánmà. Ní Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé ní ọnà ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi tẹ ẹ̀kọ náà sára aṣọ. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ àti ọwọ́ lásán ni, ìdí nìyí tí àwọn arábìnrin tí ọwọ́ wọn dá fi lókìkí níbẹ̀.

Àwọn aládìrẹ yìí kì í ya ohun tí kò bá wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Nígbà tí ọba àwọn òyìnbó, George karùn-ún, ṣe ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rẹ̀ lórí oyè ní ọdún 1935, àwọn aládìrẹ ṣe aṣọ tí a ń pè ní Ọlọ́ba, tí ọba àti ayaba wà láàárín rẹ̀. Èyí jẹ́ àpẹẹrẹ pé ojú wọn kò sí níbi ìwọ̀nba ọnà tí àwọn ìyá wọn fi lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ti Ìbàdàn wá ṣe aṣọ kan tí wọ́n sọ ní Ìbàdàndùn, nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ya òpó Mápó, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, tí wọ́n fi ṣíbí sí àárín òpó kan àti èkejì. Òpó tí ìjọba òyìnbó kọ́ láti fi agbára hàn ni wọ́n tò pọ̀ mọ́ ṣíbí tí ń bẹ nínú ilé ìdáná wọn, bí ẹni tí ń sọ pé ilé ńlá náà ti di ohun èlò ilé àwọn. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì sanwó fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọjà ni ó dá wọn lóhùn. Àwọn obìnrin ń ra Ìbàdàndùn, wọ́n ń ró o lọ sí òde, wọ́n ń fi í pọn ọmọ, àwọn oníṣòwò sì ń di àdìrẹ ẹlẹ́kọ lẹ́rù lọ sí ibi tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Lónìí ó wà nínú àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní ìlú òyìnbó, ẹni tí ó bá sì dúró níwájú rẹ̀ níbẹ̀, òpó Mápó ni ó ń wò, láti ọwọ́ obìnrin tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan.

Èyí ni mo gbà pé ó jẹ́ kókó gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Alágbára lè kọ́ ilé, ó lè gbẹ́ òpó, ó lè fi orúkọ sára òkúta. Ṣùgbọ́n ará ìlú ni ń fi ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ gbà á, ohun tí kò bá sì gbà, òkúta lásán ni yóò jẹ́. Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí Mápó. Lórí Òkè Ààrẹ, ní ọdún 1936, wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ gíga kan ní ìrántí Ọ̀gágun Bower, ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, ọkùnrin tí ó fi ìbọn àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní ọdún 1895 láti fi rẹ Aláàfin sílẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn gun ilé ìṣọ́ náà, nítorí pé láti orí rẹ̀ ni a ti lè rí gbogbo ìlú. Wọ́n rí i pé àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí ènìyàn po bí ó ti ń gòkè, wọ́n sì sọ ọ́ ní Láyípo. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí òkúta náà máa pè kò ràn mọ́ ahọ́n ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ Láyípo. Bẹ́ẹ̀ náà ni pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí ní ọdún òmìnira, ọdún 1960, tí wọ́n sọ ní Liberty: ní ọdún 2010 ìjọba fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí gan-an ni ó darí ìjọba tí ó dá a sílẹ̀, orúkọ náà sì tọ́ sí i, síbẹ̀ Liberty ni ọlọ́kọ̀ ṣì ń pè, Liberty náà ni èrò ọkọ̀ ṣì ń dáhùn sí.

Ó wá ku ilé tí ó ga ju gbogbo wọn lọ, tí ìtàn rẹ̀ sì jinlẹ̀ jù. Nígbà tí ogun Kírìjì parí, tí àwọn ibùdó ogun sì tú ní ọdún 1893, ogunlọ́gọ̀ àwọn jagunjagun ni wọ́n padà sí Ìbàdàn láìní iṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé ogun ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀. Àwọn díẹ̀ nínú wọn mú ọ̀nà oko pọ̀n, wọ́n gbin èso tuntun kan tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lókìkí, èyíinì ni kòkó, ilẹ̀ igbó tí ó wà ní gúúsù ìlú náà sì gbà á. Ọmọ ogun di àgbẹ̀, àgbẹ̀ di olówó, owó náà sì ni ó gbé páànù gun orí ilé tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Ní ọdún 1947 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa ra gbogbo kòkó ní iye kan tí ó fìdí múlẹ̀, iye náà sì kéré sí ohun tí òkè òkun ń san, tí èyí tí ó ṣẹ́ kù fi ń jọ pọ̀ sí àpò ìjọba. Ní ọdún 1954 àpò náà bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí owó tí wọ́n fi ran iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ní àkókò tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí ó ń fi jíjẹ́ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ṣe oríkì ara rẹ̀.

Ní ọdún 1965 ni wọ́n parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 105, tí a sì kà kún ilé tí ó ga jù ní ilẹ̀ Áfíríkà tí oòrùn ń mú nígbà náà. Ilé àwòṣífìlà ni ní tòótọ́: ẹni tí ó bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ó fẹ́ rí orí rẹ̀ yóò di fìlà rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n gíga nìkan kọ́ ni ó mú un wọ ọkàn àwọn ènìyàn, nítorí ilé tí ó ga jù ú lọ ti pọ̀ nílẹ̀ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi wá ní orúkọ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní í lè dáhùn. Orúkọ rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Wọn ìbá ti fi orúkọ gómìnà tàbí olóṣèlú pè é, ṣùgbọ́n orúkọ èso tí ó sanwó rẹ̀ ni wọ́n fún un, tí ó fi jẹ́ pé àgbẹ̀ tí ó bá gbé kòkó rẹ̀ wọ ìlú, tí ó gbójú sókè, lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Ọwọ́ wa ni ó kọ́ èyí.” Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, ní ti ilé yìí, oko ni wọ́n wò.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀jẹ́, nítorí ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Kò tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ilé náà parí tí àwọn àgbẹ̀ inú oko tí ó yí Ìbàdàn ká dìde ní ọdún 1968, tí wọ́n pe ara wọn ní Àgbẹ́kọ̀yà, tí Táfà Adéoyè ará Akanran sì wà lára àwọn aṣíwájú wọn, tí wọ́n ń pariwo pé owó orí ti pọ̀ jù, pé àwọn agbowó-orí ń fìyà jẹ àwọn, pé owó kòkó kò tó gbọ́ bùkátà, òkè mẹ́fà, èyíinì ni ọgbọ̀n ṣílè, sì ni àwọn yóò san, kò ní í lé. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Ilé Kòkó yangàn gbọ́dọ̀ rántí èyí mọ́ ọn: owó tí wọ́n yọ kúrò lórí àpò kòkó kọ̀ọ̀kan ni ó gòkè ní Dùgbẹ̀, àwọn tí ó sì ni owó náà kò gbàgbé. Mo gbà pé ìrántí yìí kò bu ilé náà kù. Òun gan-an ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó ju bíríkì àti símẹ́ǹtì lọ, nítorí pé ìyìn àti ẹ̀sùn jọ ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí iná jó o ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, wọn kò wó o. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní ọdún 1992, ó sì ń bẹ níbẹ̀ títí di òní.

Nísinsin yìí, ayé ti yí, ọ̀nà tí a ń gbà sọ ìlú lórúkọ sì ti pọ̀ sí i. Ara nọ́ńbà ọkọ̀ ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń polówó ara rẹ̀, tí ti Ọ̀yọ́ ń sọ pé aṣíwájú ni òun, tí ti Èkó sì ń sọ pé ojúkò ìtayọ ni òun. Bí a bá wọ ìlú, a ó bá ẹnu bodè tuntun tí iná mànàmáná ń tàn lára rẹ̀, àti lẹ́tà gàdàgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya fọ́tò. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìlú tí kò bá sì sọ ara rẹ̀ fún ayé, ayé yóò sọ ọ́ fún un bí ó bá ti wù ú. Ohun tí ń ká mi lára ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì wọ̀nyí ni a lè tú kúrò ní ìlú kan kí a sì gbé e sí òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura, nígbà tí ó jẹ́ pé a kò lè gbé Òkèbàdàn lọ sí ibikíbi, a kò sì lè fi Ìbàdàndùn pe aṣọ ìlú mìíràn. Páànù tí ó dógùn-ún náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí páànù aláwọ̀ tuntun, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ń gba ipò rẹ̀, ènìyàn kankan kò sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún onílé pé kí òjò máa wọlé sí i lára nítorí ẹwà ojú àlejò. Ṣùgbọ́n ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ yàtọ̀. Àwọn tí ọwọ́ wọn mọ ìyẹ́ adìyẹ lò kò pọ̀ mọ́ bí ti ìgbà ìyá wa, tí a bá sì jẹ́ kí ọwọ́ náà parẹ́, ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn obìnrin Ìbàdàn fi ń ya ìlú wọn fún ara wọn ni yóò bá a lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wa lè kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ yìí, àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú. Ìjọba lè ra aṣọ náà fún àlejò rẹ̀ dípò ohun tí wọ́n tẹ̀ ní òkè òkun. Ohun tí ó sì dára jù ni pé kí a fi àwọn aládìrẹ sílẹ̀ kí wọ́n ya Ìbàdàn òde òní bí ojú wọn bá ti rí i, kí a má sọ fún wọn ohun tí wọn yóò yà.

Nítorí náà, ẹni tí ìlú kan bá pè pé kí ó wá ṣe àmì fún òun, ìbáà jẹ́ ayàwòrán ilé, ìbáà jẹ́ akọ̀wé ìjọba, iṣẹ́ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì ìyàwòrán. Kí ó lọ sí ọjà, kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe òpópónà wọn. Kí ó wo ohun tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń yà sára aṣọ, kí ó béèrè èso tí ó kọ́ ilé wọn àti ẹni tí ó jẹ gbèsè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó mú kálámù. Ohun tí ó bá sì ṣe, kí ó fi í síta, kí ó sì ní sùúrù, nítorí pé ará ìlú ni yóò dájọ́ rẹ̀: bí wọ́n bá fún un ní orúkọ tiwọn, tí wọ́n fi í dárin, tí wọ́n sì fi í ró aṣọ, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní í rántí orúkọ òun fúnra rẹ̀ mọ́.